Dọ́là Tó Dúró Sójú Kan

Salahudeen kì í ṣe ọ̀gá báńkì, kò sì sí ọ̀gá báńkì kankan nínú ẹbí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bójú tó ní ọ́fíìsì kan ní Markham, ní Canada. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ owó bá ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó máa ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ sí gbọ̀ngán mọ́ṣáláṣí, á máa sọ ìgbà tí náírà yóò ṣubú fún wọn àti ìgbà tí yóò dìde. Ìṣubú rẹ̀ kì í tàsé. Ìdìde ni kò tíì ṣẹ rí.

Òkìkí yìí ló mú kí Nathan dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Ọmọ Barbados ni Nathan, oníṣègùn eyín ni, ilé alájà púpọ̀ kan náà ni òun àti Salahudeen sì ń gbé. Bàbá rẹ̀ kú sí Saint Lucia, wọ́n ta ilẹ̀ tó fi sílẹ̀, owó náà sì wà ní báńkì níbẹ̀. Nathan fẹ́ kó owó ọ̀hún lọ sí Barbados láti fi tún òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ṣe, torí ìjì ti ṣí apá kan rẹ̀ lọ. Dọ́là ni wọ́n ń ná ní erékùṣù méjèèjì, àmọ́ dọ́là tọ̀hún yàtọ̀ sí tìhín. Báńkì tí kò ní í gba owó gọbọi lọ́wọ́ òun ni Nathan fẹ́ béèrè. Salahudeen kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Nathan, má tíì fọwọ́ kàn án o! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí owó méjèèjì ṣe ń bára wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń jà ni?" Nathan béèrè.

"Fi lé mi lọ́wọ́."

Nathan rò pé bóyá ọkùnrin yìí mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ó dúró.

Nígbà tí Salahudeen délé, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá iye tí wọ́n ti ń ṣẹ́ dọ́là Barbados sí ti Saint Lucia láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó rí dẹ́rù bà á. Lọ́dún 1975, owó méjèèjì mira díẹ̀. Láti 1976 títí dòní, dọ́là Barbados kan, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì márùndínlógójì ti Saint Lucia ni. Ìjọba ìhín àti tọ̀hún ti so owó wọn mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, wọn kò sì tú u. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan ṣoṣo ló nà gbọọrọ bí ọ̀nà reluwé.

Aishah, ọmọ rẹ̀, yọjú. "Daddy, it's just a straight line."

"Ó ń sinmi ni," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ohun tó bá ti mì lẹ́ẹ̀kan, yóò tún mì."

Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Aishah, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ fi ti náírà sílẹ̀."

Salahudeen tún yíjú sí ìlà náà. Lọ́dún tó fẹ́ wá sí Canada, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ ní náírà. Kó tó rí dọ́là rà, owó náà ti di ìdajì. Ó ta mọ́tò, ó fi ìyàwó tó lóyún sílẹ̀ sí Ìbàdàn, òun nìkan ló wá. Aishah ti ń rìn kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé owó lè dúró?

Bó ṣe dá Nathan dúró nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì ń lọ sí oṣù. Nígbà tó yá, ó ní kí Nathan wá sí gbọ̀ngán, kó wá gbọ́ àlàyé.

Salahudeen fi ẹ̀rọ gbé ìlà náà sára ògiri kó lè kìlọ̀ fún àwọn tó péjọ pé yóò já láìpẹ́. Gbogbo gbọ̀ngán tẹjú mọ́ ọn. Alàgbà Ràsákì, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Bolton, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Salahu, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn kò dákú?"

"Kò dákú, sà."

"Ìyẹn ni pé ẹni tó tọ́jú owó síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iye rẹ̀ náà ni yóò bá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n—"

"Subhanallah!"

Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń ya ìlà náà ní fọ́tò. Obìnrin kan ń nu omi ojú. Fọláyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe shift òru ní Vaughan, nawọ́ sókè. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń gba skilled worker níbẹ̀?"

Láàárín ariwo yìí ni Nathan dìde. Kò bínú. "Salahudeen, ṣé mo lè fi owó náà ránṣẹ́ báyìí? Ìyá mi ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí kíṣìnì. Òjò ń rọ̀ lé e lórí."

Ojú Salahudeen wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣọ́ ìlà tí kò lọ síbì kankan, obìnrin arúgbó kan ń gbé abọ́ káàkiri ilé, ó ń gbe omi.

"Fi ránṣẹ́," ó wí. "Mo ṣì ọ́ lọ́nà. Má bínú."

Wọ́n tún òrùlé náà ṣe. Ìyá Nathan, tí kò mọ ohun tó fa ìdádúró náà, ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ onímọ̀ owó tí kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọmọ òun jẹ. Kàfáyàtù ló ka ọ̀rọ̀ náà sókè nídìí oúnjẹ, ọkọ rẹ̀ sì ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí náírà yóò ṣe rí lóṣù tó ń bọ̀.

"Mi ò mọ̀," Salahudeen dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, èèyàn mẹ́ta péré ló ń wá sí gbọ̀ngán ní Sátidé.