Lẹ́yìn Ìbíkẹ́ Lórí Ìlà

Ohùn Ìbíkẹ́ gba ojú fèrèsé jáde, gbogbo àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà sì pa lọ́lọ́. "Kó tiẹ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré," ni Zulaikha ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Ìbíkẹ́ ò ṣìnà. Ìgbà wo ló ṣìnà rí?

Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n wà, nínú ọgbà yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń dán àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ eré olórin wò. Ọ̀nà méjì ló wọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá gba ẹ̀ka orin, orin ni yóò fi gboyè, eré á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gba ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, ìtàgé ni yóò fi gboyè, orin á wá tẹ̀ lé e. Ìdánwò kan ṣoṣo lèèyàn lè ṣe. Ẹni tó bá kùnà níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ta ló wá rán Zulaikha sídìí orin? Ìbíkẹ́ ló tò síbẹ̀, lòun náà bá tò sí i lẹ́yìn. Ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìbíkẹ́, ó ń ka sólfà bí ẹni ń ka orúkọ ara rẹ̀. Zulaikha ò mọ sólfà. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí aláààwẹ̀ fún sààrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti kọ́ orin, níbi tó ti ń gbe Qowiyyu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìlara ni. Kò kórìíra Ìbíkẹ́ o, àwo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yin Ìbíkẹ́ báyìí, àyà Zulaikha á máa ta á bí ata.

"Ohùn yìí mà dùn o," Ọláolú, ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mí kanlẹ̀. "Bí áńgẹ́lì."

"Áńgẹ́lì kẹ̀! O ò tíì rí i níbi tó ti ń kọ ọ́ ni."

Ni Zulaikha bá na ọrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó pa ojú òsì dé díẹ̀ bí Ìbíkẹ́ ṣe máa ń ṣe bí orin bá fẹ́ gòkè, ó wá la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ohùn Ìbíkẹ́ látinú yàrá bọ́ sí i lẹ́nu wẹ́kú. Ẹ̀rín bú. Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Zulaikha ń fi kún un. Ó sín in jẹ débi bí Ìbíkẹ́ ṣe ń tẹrí ba bí ẹni pé kò gbọ́ àtẹ́wọ́.

Ìgbà tí ẹ̀rín dákẹ́ lójijì ló tó rí Ìbíkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbíkẹ́, jọ̀ọ́, má bínú, mo kàn ń..."

"Ojú tí mò ń dì yẹn, ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n." Ìbíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí gbọ̀ngán eré ìtàgé lódìkejì pápá. "Ibẹ̀ yẹn ló wù mí. Mo yọjú síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní kí ọmọ kan rìn bí ìyàwó tí ọkọ lé jáde. Ẹsẹ̀ tèmi le gbagidi níbi tí mo dúró sí, mo bá sá wá síbí. Ìwọ á kàn rìn ín ni. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀bùn rẹ yẹn ti ń dùn mí, Zulaikha."

Zulaikha yíjú sí gbọ̀ngán náà.

"Ẹni tó kàn!" wọ́n ké látinú yàrá.

"Máa wọlé," ni Zulaikha wí fún Ọláolú, ó sì jáde kúrò lórí ìlà.

Ó ti rìn dé àárín pápá kó tó fura pé ìrìn Ìbíkẹ́ lòun ń rìn. Ó dúró. Ó fẹ́ rántí bí tòun ṣe máa ń rí, kò tètè rí i.