Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Nínú Ọkọ̀ Mi

Èmi ni ìlà kàn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bọ́ọ́lẹ̀ nínú báàlù. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ní ẹ́ńjìnnì mi ò ṣiṣẹ́. Ní èbúté wa, ìlà ni òfin: ọkọ̀ tó wà níwájú ló ń gbé èrò tó kọ́kọ́ dé lọ sí erékùṣù, ì báà jẹ́ àna rẹ, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ. Tèmi wá jẹ́ méjèèjì.

"Ìyàwó wa," ó ní, ó ń fa bàtà gogoro rẹ̀ yọ nínú iyanrìn, "o ò kí mi?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó sáàárín, ẹ má mira."

Àwọn awakọ̀ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Iná-ò-mojú ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ń retí iná. Mo wò wọ́n títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu wọn.

Báàlù tó gbé e wá gbọ́dọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kò sí iná ní pápá báàlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté wa, òmíràn ò sì ní í wá títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó fọ̀rọ̀ bò.

"Ọmọ ni mo wá mú. A jọ ń padà lónìí ni."

Orí mi gbóná. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún mi!

"Ta ló bá yín bí i?" mo ní. "Nígbà tí mo ń rọbí, ibo lẹ wà?"

"Ilé mi ni mo wà. Ìwọ lo lé mi padà síbẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ló dùn mí jù. Mo pa ẹ́ńjìnnì láàárín omi. Gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Epo ti tán ni?"

"Epo kún."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Mo ń sinmi."

Mo na ẹsẹ̀. Oòrùn ń rẹlẹ̀, inú mi sì ń dùn. Kí báàlù kọ́kọ́ lọ ná. Tí òmíràn bá fi máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti fi ẹnu lé e wọnú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ọmọ náà ló pè mí. Ó ní kí n má sọ fún ọ."

"Irọ́ burúkú!"

Mo tan ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe torí tiẹ̀ o! Mo fẹ́ kí ọmọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òpùrọ́ ni.

Ọmọ mi ti dúró sétí omi ní erékùṣù wa. Ó ti di báàgì rẹ̀. Ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó so okùn rẹ̀ pinpin bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ó ní. "Báàlù máa lọ."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Kí ló wá dé?"

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe.

"Ẹ bá tíṣà mi jà. Ẹ bá àwọn ará ilé kejì jà, ọmọ wọn ò bá mi ṣeré mọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, tí kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bá jà mọ́, èmi ló kù. Ó ti rẹ̀ mí, Màámi."

 Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yíjú sí omi, kó má baà wò mí. Mo tún wá kórìíra rẹ̀ sí i nítorí àánú yẹn.

"Wọlé," mo sọ fún ọmọ mi. "Jókòó sáàárín."

Ariwo báàlù ti ń dún lókèèrè. Mo tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì títí omi fi ń ta sí wa lójú. Nígbà tá a gúnlẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn báàlù, ó ti ń yíra padà. Mo fò sínú omi, mo sáré gba orí pápá, mo sì dúró gbagidi síwájú rẹ̀.

"Ìwọ awakọ̀ báàlù yìí! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí ọmọ mi? Ó yá, gba orí mi kọjá, kó o wá rí nǹkan! Ta ló bí ẹ? Ta ló fún ẹ ní báàlù?"

Àwọn awakọ̀ èbúté ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi fọwọ́ bojú, ó sáré kọjá lára mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó wẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ó ti dúró. Ó ti ṣílẹ̀kùn fún wa."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ṣì ń bú u.