Ọdún Tí Ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ Fi Wà Ní Títì

Ó ti pẹ́ tí orí mi ti pá, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í dé ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ onígbàjámọ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo wá gẹ̀, mo máa ń ní irùngbọ̀n ni. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń bá lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá wà lórí àga ló ni ọ̀rọ̀. Títí Jẹ́jẹ́ yóò fi tú aṣọ lọ́rùn onítọ̀hún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ tẹnu wọn. Bí Jẹ́jẹ́ bá sì rí i pé nǹkan wúwo lọ́kàn èèyàn, yóò tún rọra máa gẹ̀ ẹ́ lọ, yóò máa wá irun tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn la fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ló jogún owó tó fi sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà àti àga. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá olówó ṣírò owó, pè é jókòó.

"Gbé owó yẹn sí báńkì, irú èyí tí wọn ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ kàn kí ọdún tó yí po, kó máa mú èlé díẹ̀díẹ̀ wá. Má yá ọ̀rẹ́ kankan. Ohun tó kù, má tà á, má yá ẹnikẹ́ni lò, títí ojú rẹ á fi wálẹ̀."

Ìmọ̀ràn gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ní òwò olówó ojú ẹsẹ̀ wá, ọmọ náà dá gbogbo wọn padà, orí mi sì wú. Àmọ́ ṣe ló da ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ owó, ó ti méjèèjì pa.

Ọ̀gá Kejì, tó ti ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ́jẹ́ láti ìgbà tí irun tiẹ̀ ṣì dúdú, lọ bá a.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màá máa san owó ilé fún ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù. Tí ọdún bá ti yí po, a máa jọ sọ ọ́."

"Irun àwọn èèyàn ò ní dúró di ìgbà yẹn."

"Mi ò fẹ́ ṣi nǹkan ṣe ni, sà. Nǹkan bàbá mi ni."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, inú ṣì ń bí mi. Ọ̀gá Kejì wá yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé fọganáísà, gbogbo wa sì kó ẹnu wa tẹ̀ lé e.

Ọdún yí po. Ọmọ náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbálẹ̀, ó nu dígí. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i tó dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó yà. Nígbà tó yá, ó fi ọmọlanke gbé àga bàbá rẹ̀ wá bá Ọ̀gá Kejì.

Ọ̀gá Kejì jáde, ó fọwọ́ pa apá àga náà.

"Mi ò ríbi gbé e sí, ọmọ mi. Àga méjì ni yàrá yìí gbà, mo sì ti ra méjì."

Wọ́n gbé e sábẹ́ àtíbàbà níta. Ọmọ náà dúró síbẹ̀. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan fọwọ́ kan orí òun, irun rẹ̀ ti di igbó.

"Wọlé, wá jókòó," ni Ọ̀gá Kejì wí.

Ó jókòó, Ọ̀gá Kejì so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo wa sì panu mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Irun já bọ́ sílẹ̀ títí kó tó lanu.

"Owó bàbá mi pé ní báńkì," ó ní. "Ó ti lé díẹ̀ pàápàá."

Ọ̀gá Kejì rọra yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ̀yin ni mo sọ nù."

Ó dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ fi tù ú nínú, ṣùgbọ́n òun ló wà lórí àga. Irun náà ti tán, mo rí i pé ó ti tán. Ọ̀gá Kejì ò tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ó rọra ń gẹ̀ ẹ́ lọ.