Fóònù Tí Ẹlúyẹmí Fi Ránṣẹ́

Inú Monísọ́lá bàjẹ́ lọ́jọ́ tí áífóònù dé Ìtàjí, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ta ló máa sọ fún aráyé pé ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n òun, Ẹlúyẹmí, fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn láti Kánádà ló fẹ́ dínà mọ́ òun?

Kí ẹ tó bá a wí, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Látìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ìyá wọn dé ọsibítù ní Ìdó, Monísọ́lá ló ń rán an létí oògùn. Nígbà tí iṣẹ́ wá yọ fún un l'Abẹ́òkúta, ó fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó kọ́ l'Ọ̀yẹ́ ṣe áàpù sórí fóònù Áńdírọ́ìdì ìyá rẹ̀, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sí i: "Màmá, ó ti tó àkókò oògùn o." Ohùn náà á máa pè ṣáá ni, kò ní dákẹ́ àfi tí ìyá bá tẹ ibi tó kọ "Mo ti lò ó" sí. Ó ti ń di ẹrù rẹ̀ kí áífóònù tó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé fóònù ni fóònù, ẹ kú ìrọ̀rùn. Ti Áńdírọ́ìdì, ó kàn fi áàpù náà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ni, ìyá tẹ̀ ẹ́, ó parí. Áífóònù kò gba irú ìyẹn. Ó ní láti wá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó máa san owó lọ́dọọdún, kó tún áàpù náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó wá jókòó máa retí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ Abẹ́òkúta kò sì lè dúró dè é.

"Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Màmá," ló fi bẹ̀ ẹ́.

"Fóònù méjì? Èmi, bí ẹni tó ń ṣẹ́ dọ́là? Mo ti fi ta ìyá kan lọ́rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí uṣẹ́ ò sí l'Èkìtì ni? Dúró s'ulé, jàre."

Ó dúró. Ilé fún mọ́ ọn. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, ìyá á ti ilẹ̀kùn yàrá pé òun ń gbàdúrà. Tó bá jáde, á jókòó jẹ́jẹ́ títí Monísọ́lá á fi rán an létí oògùn. "Há, mo mà ti gbàgbé!" á ní, á sì padà wọ yàrá. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò l'Abẹ́òkúta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, gàrí pẹ́ lórí iná, ìyá ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Monísọ́lá ń gbálẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá: "Màmá, ó ti tó àkókò oògùn o."

Ó ṣí àpótí aṣọ. Fóònù àtijọ́ wà lábẹ́ ìró, iná bátìrì rẹ̀ kún. Ó wo inú áàpù: ìyá kò tíì gbàgbé oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹ̀fun gàrí lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdún méjì ni Ẹlúyẹmí ní òun máa lò lọ́hùn-ún," ló sọ wẹ́rẹ́. "Kò padà wá mọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

Inú bí Monísọ́lá dé góńgó, àánú ìyá rẹ̀ sì tún ń ṣe é. Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ inú fóònù ṣì ń pè lọ́wọ́ rẹ̀, kò dákẹ́. Òun náà ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó lọ bu omi tí ìyá rẹ̀ máa fi lo oògùn wá fún un.