Díákónì Tí Ó Fi Ọ̀nà Rẹ̀ Pamọ́ ní Ilẹ̀ Yìnyín

Kò sí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá tí kò ní òfin tí ó fi ń dá ẹ̀mí àlejò sí. Ní aṣálẹ̀, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún un. Ní etí òkun, wọ́n a tan iná kí ó lè mọ èbúté. Ní ilẹ̀ yìnyín òkè àríwá, wọ́n a bi í ní ibi tí ó ń lọ. Òmùgọ̀ ní í ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ìtọpinpin, Láńrewájú sì ni òmùgọ̀ tí à ń wí.

Apòògùn ni ní Buford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé rẹ̀ wà ní Loganville, díákónì sì ni nínú ìjọ kan ní Atlanta. Nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún, ó fọ́nnu fún gbogbo ìjọ pé òun nìkan ni yóò wa ọkọ̀ dé Yukon ní òkè àríwá Kánádà. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà tí yóò gbà, nítorí àwọn ọ̀tá. Àwọn ọ̀tá wo? Ta ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Atlanta, tí yóò wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí díákónì?

Abímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, pè é lórí fóònù. "Daddy Ìbùkún, ibo lẹ wà gan-an?"

Ó ní bí òun bá débẹ̀, yóò gbọ́.

Ní ilé epo tí ó gbẹ̀yìn kí igbó tó bẹ̀rẹ̀, Bridget tí ó ni ín ṣí ìwé kan tí ó fi ń kọ orúkọ awakọ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ó ṣàlàyé pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ níwájú. Bí awakọ̀ kò bá dé lọ́jọ́ tí ó dá, Seth ọkọ òun a jáde lọ wá a.

"Ọ̀nà wo lẹ ń gbà?"

Láńrewájú gbàdúrà lábẹ́ ètè, ó sì purọ́. "Ìlà-oòrùn. Lọ́la ni mo máa dé."

Ìwọ̀-oòrùn ni ó kọrí sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ rẹ̀ ti yọ̀ lórí yìnyín, ó já sí kòtò. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ gààrí gbígbẹ, ó ń fi àdúrà bá àwọn ọ̀tá rẹ̀ wí, nígbà tí Seth, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ń wá a kiri ní ìlà-oòrùn, níbi tí ọkọ̀ tirẹ̀ náà ti dojú dé.

Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ tírélà kan rí Láńrewájú. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta tí òtútù ti pa. Nígbà tí ó padà délé, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ọfà ọ̀tá ti tàsé. Kò dárúkọ Bridget tàbí Seth. Gbogbo wọn ṣe àmín, àfi Abímbọ́lá.

Egungun ìbàdí Seth tí ó ṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà kò jinná dáadáa, kò sì wakọ̀ mọ́. Bridget ta ilé epo náà. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Abímbọ́lá, tí àwọn ará ilé ìwòsàn ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún, kọ lẹ́tà sí wọn láti tọrọ àforíjì, Bridget sì fèsì. Láńrewájú ń tiro díẹ̀. Ìjọ ti fi í jẹ alàgbà.