Àtẹ́wọ́ Kan ní Bukhara

Kí Tàjùdéèn tó dé Bukhara ni mo ti ra kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun. Ọwọ́ ọkùnrin Afghan kan ní Rye Lane ni mo ti rà á. Ó bi mí bóyá olè ló wọlé mi. Mo ní rárá o, ọkọ mi ló jáde. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkọ mi fi wa bọ́ọ̀sì káàkiri South London. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò lè jókòó. Á dúró lójú fèrèsé, á máa wo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá, á ní èyí ti pẹ́, èyí ti yá jù, ta ló kọ́ eléyìí ní mọ́tò? Lọ́jọ́ kan ló bá jí, ó ní òun fẹ́ẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ sí Bukhara àti Samarkand, títí dé Ṣáínà. Ó ní ọ̀nà àtijọ́ ni, tí àwọn oníṣòwò ń fi ràkúnmí kó sílíìkì gbà.

Mo ní, "Baba Àmírà, ẹ̀yin àti ràkúnmí?"

Ó ní reluwé ni òun máa wọ̀. Ó wá ní, "Àbí wàá bá mi lọ?"

Èmi tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé Camberwell torí pé ó ń mì jù? Kí n lọ jókòó sínú reluwé fún oṣù kan torí ògiri tó ti wó? Mo ní kó máa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura, torí kò bẹ̀ mí. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí ìyàwó òun bá òun lọ máa ń bẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ṣe ni ojú ẹ̀ rí bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ó ti lọ tán kí Aishah tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ afárá reluwé lẹ́bàá stéṣọ̀n Peckham Rye, níbi tí mo ti ń tún aṣọ rán. Èmi àti Aishah la jọ wà nínú ẹgbẹ́ asalátù. Kò mú aṣọ kankan dání.

"Mummy Àmírà, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá."

"Tí o ò bá fẹ́ kí n gbọ́, kí lo wá ṣe níbí?"

Ó ní lọ́sẹ̀ tí Tàjùdéèn fẹ́ẹ́ gbéra, òun wà ní òkè bọ́ọ̀sì ní Stockwell, òun sì rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta báàgì ìrìn àjò. Òun àti obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé. Báàgì méjì ni wọ́n ń fà.

"O rí ojú obìnrin náà?"

"Ẹ̀yìn ni mo rí."

"Báwo ni ẹ̀yìn náà ṣe rí?"

"Háà, Mummy. Ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀yìn ọmọdé àbí ẹ̀yìn àgbà?"

Aishah rò ó. "Ó fẹ̀ díẹ̀."

Ẹni tó ní òun nìkan ló ń lọ, báàgì méjì, obìnrin tó fẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ ra kọ́kọ́rọ́. Mo pinnu pé tí n bá ti rí i dájú pé ìyàwó ló fẹ́ lé mi, màá pààrọ̀ ti ẹnu ọ̀nà, kó padà síbi tó ti wá. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ṣúgà ní kíṣìnì, tòun ti nylon ẹ̀, kí n máa rí i.

Láti ìgbà náà, kò sí fọ́tò tó fi ránṣẹ́ tí mi ò fẹ̀ lójú fóònù títí á fi di kóró-kóró. Ní Istanbul, ife tíì méjì wà lórí tábìlì. Mo ní ta ló ni ìkejì? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gbé e wá. Ó dé Georgia, ó ní ibodè orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà wọ Azerbaijan wà ní títì, òun máa fi bàálù fo ibẹ̀. Mo ní orí ilẹ̀ wo ló tún ní bàálù nínú? Ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Ó wá dórí òkun Caspian, ó ní ọkọ̀ ojú omi wọn ò ní àsìkò, ìgbà tó bá wù ú ló ń gbéra, ni fóònù ẹ̀ bá kú. Òkun, kẹ̀! Ó lè wà ní Stockwell níbẹ̀, kó na ẹsẹ̀ sórí àga, kí ẹni tó fẹ̀ díẹ̀ máa bu ọbẹ̀ fún un.

Àmírà ọmọ mi ni mo ń rojọ́ fún. Peckham ni mo bí i sí, Yorùbá ẹnu ẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà bàbá ẹ̀.

"Mummy, ẹ ti ń do too much. Daddy kàn ń gbádùn ni. Allow him, man."

"Ta ló ń bá a gbádùn ni mò ń bi ẹ́."

Ó di ọ̀sán Sátidé kan, fídíò wọlé. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Màgíríbì ní Bukhara, ẹ wo ojú ọ̀run. Ó gbé fóònù lé orí ògiri kan, ó ń kírun. Ògiri gíga aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ wà lókèèrè, ọ̀run sì pọ́n bí iná èédú.

Èmi ò lọ yunifásítì. Ohun tí mo mọ̀, mo fi owó ara mi ra ìwé ẹ̀, mo fi ojú ara mi kà á. Ní Peckham níbí, tí a bá kọjú sí Kíbúlà, apá Mẹ́kà, láti kírun, tí oòrùn wọ̀, ẹ̀yìn wa ló ń wọ̀ sí. Nínú fídíò yìí, iwájú Tàjùdéèn ni ọ̀run ti pọ́n, ó ń tàn sí i lójú. Ẹni tí oòrùn bá wọ̀ níwájú ẹ̀ tó ń kírun, ó ti kọjá Mẹ́kà lọ sí apá ìlà oòrùn nìyẹn. Kò sí irú ẹ̀ ní Stockwell. Èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà ya ògiri, ṣùgbọ́n Tàjùdéèn tí mo mọ̀ kò lè kọ ẹ̀yìn sí Kíbúlà torí àtitan ìyàwó jẹ.

Ó wà ní Bukhara lóòótọ́. Ọkàn mi rọ̀. Mo po tíì, mo jókòó, mo ní kí n wá fi ìbàlẹ̀ ọkàn wo fídíò náà dé òpin.

Tàjùdéèn parí ráká kẹta. Dípò kó jókòó, ó ń dìde, bí ẹni tó fẹ́ẹ́ kí ìkẹrin. Màgíríbì o, tí kò kọjá mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ọ.

Pà.

Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ni. Tàjùdéèn yáa jókòó padà.

Mo gbé tíì sílẹ̀. "Àmírà! Wá gbọ́ nǹkan."

Ó gbọ́ ọ. "Maybe ilẹ̀kùn ni."

"Ilẹ̀kùn ló mọ iye ráká Màgíríbì?"

"Mummy…"

"Tí lèmọ́mù bá ṣì í, kí ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ máa ń sọ?"

"SubhanAllah."

"Obìnrin ńkọ́?"

Ó ń wo ilẹ̀.

"Mo sanwó ilé kéwú fún ẹ. Obìnrin ńkọ́?"

"They clap," ó ní. "Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́."

Mo pe Tàjùdéèn lórí fídíò lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e. Ó jókòó lábẹ́ igi ńlá kan lẹ́bàá adágún omi, fìlà tuntun lórí ẹ̀.

"Ìyá Àmírà! Ṣé o rí bí ọ̀run ṣe pọ́n?"

"Mo rí i. Mo tún gbọ́ àtẹ́wọ́."

"Àtẹ́wọ́ wo?"

"Èyí tó dá yín jókòó nígbà tí ẹ fẹ́ẹ́ sọ Màgíríbì di Alásárì oníráká mẹ́rin. Ta ló wà lẹ́yìn yín?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún wò mí. "Mìsítúrà, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹ yí fóònù."

"Ṣé o rí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé…"

"Ẹ yí i! Mo fẹ́ẹ́ rí ibi tó fẹ̀ dé."

Ohùn kan ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáhùn: "Yí i sí mi, jàre. Kí la jí?"

Fóònù yí. Híjáàbù aláwọ̀ ewé. Ràfíátù! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé Forest Hill. A ò wọ ilé ara wa mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sọ lójú gbogbo asalátù pé aṣọ tí mo rán fún wọn há wọn lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ yẹgi fún. Tó bá jẹ́ ìyàwó kejì ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, kí lèèyàn ń ṣe sí i?

"Ìyàwó wa," wọ́n ní. "Ṣé ara le?"

"Ara le, Àǹtí. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú báàgì méjì."

"O gbọ́ ti báàgì náà!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tàjù, mo sọ fún ẹ pé Stockwell ò jìnnà tó."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sá pamọ́ fún mi?"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Ìyá wa hun àlàárì n'Ísẹ́yìn títí ọwọ́ wọn fi gan. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òwú pupa yẹn, láyé àwọn ìyá tiwọn, ràkúnmí ló gbé e la aṣálẹ̀ kọjá. A ní kí àwa méjèèjì lọ wo ibi tí kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì wà, kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún wa. Tí Tàjù bá dárúkọ mi níwájú ẹ, ṣé wàá jẹ́ kó lọ?"

"Mo ní kó máa lọ!"

"O rò pé òun nìkan ni."

Tàjùdéèn gba fóònù padà.

"Mìsítúrà. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ yẹn?"

"Ibo?"

"Lẹ́yìn ẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúgà."

Mo sún fóònù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wo dígí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, kí lo fẹ́ẹ́ fi pamọ́ fún un?

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Yí fóònù."

"Oh my days," ni Àmírà wí, ó fi ọwọ́ bojú.

Èmi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sókè, tòun ti nylon ẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Tuntun."

"Ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ ni?"

"Rárá."

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé tó ń ṣeré létí omi lọ́hùn-ún. Ojú tí mo ti ń fi wo fọ́tò ẹ̀ látọjọ́ yìí ni ọkọ mi fi ń wò mí.

"Ọmọ kọ́kọ́rọ́ mélòó ló bá a wá?"

"Mẹ́ta."

"Ìwọ ọ̀kan. Àmírà ọ̀kan." Ó ń fi ìka kà á.

"Ìkẹta ńkọ́?" Ràfíátù ló bèèrè, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyàwó, ta ló ni ìkẹta?"

Èmi tí mò ń ṣèwádìí ni wọ́n wá ń wádìí. Mo lè sọ pé ti Tàjùdéèn ni. Irọ́ ni, nígbà tí mo rà á, kì í ṣe tiẹ̀. Mi ò pa á.

"Ẹ kọ́kọ́ wálé ná," mo ní. "Ẹ kan ilẹ̀kùn. Màá wo ẹ̀yìn yín kí n tó ṣí i, Baba Àmírà. Ṣùgbọ́n màá ṣí i."

Ó mí kanlẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. "Àǹtí ńkọ́?"

"Kí àwọn náà máa bọ̀. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́, màá mọ̀ pé àwọn ni. Kí wọ́n sì gbé aṣọ tó há wọn lọ́rùn yẹn wá, màá tú u."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ràfíátù kí fóònù tó kú.

Àmírà mú kọ́kọ́rọ́, ó ń wá báàgì tí màá fi dá a padà fún Afghan.

"Fi í síbẹ̀," mo ní. "Wọn ò tíì dé."