Ohùn Kalakappa Kò Ní Arọ́pò

Oṣù mẹ́ta ni ohùn Kalakappa fi ṣáájú Kalakappa wá sáyé. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ béèrè ní Gadag, ìlú wa. Nínú kọ́ńpìnnì eré wa, òun ni ọba, èmi Irappa ni apanilẹ́rìn-ín. Níbi ọdún òrìṣà Banashankari, tí àwọn kọ́ńpìnnì ti ń pàgọ́ bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, bó bá ké "Ọ̀dàlẹ̀!" lórí ìtàgé wa, àwọn ọ̀dàlẹ̀ tó wà lágọ̀ọ́ kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Màlúù tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun wàrà.

Ìyá Gangavva, tó ni kọ́ńpìnnì, ló kọ́ ọ. Ìyá yẹn kì í fún ẹnikẹ́ni níwèé. Á sọ ọ́, ìwọ náà á sọ ọ́, ẹ ó jọ máa rìn yí àgọ́ ká títí ọ̀rọ̀ á fi wọnú ẹsẹ̀ rẹ. Òfin tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú ni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lọ kò gbọdọ̀ kun ojú fún eré. Mo rí i nígbà tó fi aṣọ tútù nu ọ̀dà kúrò lójú ẹni tó ń ṣe ọba ṣáájú Kalakappa, tí ọ̀fìnkìn gba ohùn rẹ̀, ó ní kó lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún kan, olùdarí fíìmù kan tó ń jẹ́ Sitapathi wá láti Hyderabad. Kannada, èdè wa, tó gbọ́ kò ju "omi" àti "ó tó" lọ, síbẹ̀ ó wo Kalakappa lórí ìtàgé, ó sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rọ̀ bí ìrẹsì tí wọ́n rẹ sómi. Ó ní kí Kalakappa wá ṣe bàbá nínú fíìmù òun tó jẹ́ ti èdè Telugu, bàbá tó lé ọmọbìnrin rẹ̀ jáde nílé nítorí ọkùnrin tó fẹ́. Ni èmi àti Kalakappa bá wọkọ̀ ojú irin. Èmi ni mo gbé àpò, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe, pẹ̀lú ata tó lè jí òkú.

Ọjọ́ tí a débẹ̀, Sitapathi fi Hindi jágbajàgba sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí Telugu. Kó ṣáà máa ka ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè tirẹ̀, kí ètè máa mì. Ọkùnrin kan wà ní Chennai tí yóò fi ohùn tirẹ̀ sí i tó bá yá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àlejò ń ṣe.

Kalakappa bi í léèrè:

"Ọ̀gá, ṣé ojú mi lẹ fẹ́ yá ni, àbí èmi fúnra mi?"

"Iṣẹ́ ni mo fún ọ, kì í ṣe ìjà. Ọ̀la la máa ya ibi tí bàbá ti bẹ ọmọ rẹ̀. Bó o bá lè sọ ọ́ ní Telugu, mo gbà. Bí o ò bá lè sọ ọ́, ka ení èjì. Bó o bá sì kọ̀ láti kà á, ọkọ̀ Gadag ò tíì kún."

Kalakappa lọ bá Vasundhara, obìnrin tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù náà, ó ní kó jọ̀ọ́, kó ṣe Gangavva òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ilé pákó tí wọ́n kàn fún fíìmù náà ká. Obìnrin náà ń sọ, òun náà ń sọ: "Ọmọ mi, ilẹ̀kùn ò tì. Èmi ni mo jókòó dí ẹnu ọ̀nà." Wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi di kòtò, títí ajá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi mọ ọ̀rọ̀ náà lórí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kalakappa fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ojú, bí a ti ń ṣe ká tó gun ìtàgé, ó dìde. Ó wá èrò ìwòran títí, kò rí ẹnì kankan àfi àwọn tó ń di iná mú lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ló ju ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹyẹlé inú òrùlé kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń gba ohùn já ohun tó fi détí sọnù, etí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Telugu náà dán, ẹnikẹ́ni ò lè wá àbùkù sí i.

"Ọmọ rẹ lò ń bẹ," Sitapathi ní, "o ò kó ogun jọ."

Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Ohùn náà kò rẹlẹ̀. Irun Vasundhara ti tú nítorí atẹ́gùn ẹnu rẹ̀. Níkẹyìn Sitapathi ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa ka ení èjì. Èmi tí mo ti rí Kalakappa tó bá ogójì iwin jà lórí ìtàgé, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rù lójú rẹ̀.

Ó béèrè pé, "Níbo ni ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá wà níbí? Òun ni Ìyá Gangavva ní kí n máa bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi àgbàlagbà tó ń ya fíìmù náà. Ó fi ìka kan dígí kámẹ́rà rẹ̀. "Òun rèé. Kò sí bó tún ṣe lè sún mọ́ ọ ju báyìí lọ."

Kalakappa súnmọ́ dígí náà, ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ènìyàn. Ó bẹ Sitapathi pé kó fún òun ní ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó sọ ọ́.

Kí ni kí n fi wé e? Bí ìgbà tí ènìyàn fẹnu fẹ́ eruku kúrò lójú ọmọ ni. Vasundhara gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Ó lọ jókòó tì í lórí ilẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe. Àwọn tó di iná mú ń sunkún, iná sì ń gbọ̀n lójú àwọn méjèèjì. Sitapathi ò ní kí wọ́n dúró. Fíìmù fúnra rẹ̀ ló tán nínú kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tẹ Chennai láago, kí ọkùnrin ọ̀hún jókòó sílé rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni Kalakappa ti bọ́ sínú fíìmù èdè Tamil, ó bọ́ sí Malayalam, ó bọ́ sí Hindi. Ibi gbogbo tó bá dé, ẹni tí yóò bá a rìn ló ń kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́ tí fíìmù àkọ́kọ́ yẹn jáde ní Hyderabad, Kalakappa kọ̀, kò wọ ilé fíìmù. Èmi wọlé. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń da bébà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sókè, àfi ìgbà tí Kalakappa la ẹnu nínú fíìmù tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń nu ojú. Ó fẹnu sí mi létí.

"Ọmọ Warangal, ìlú wa, ni. Mo gbọ́ ọ nínú Telugu rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ilé wọn kọjú sí."

Mo la ẹnu kí n sọ pé ọmọ Gadag ni. Mo tún pa á dé.

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Mo mọ ilé náà."